Ìdí tí dókítà tí àárẹ̀ ti mú fi máa ń kọ oògùn jù, àti bó ṣe kan ìlera àti àpò yín

Aago méjì ọ̀sán ti lù. Èèyàn ṣì kún orí àga gígùn tó wà níwájú yàrá dókítà, káàdì wọn sì to jọ gègèrè lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Dókítà tó wà nínú yàrá náà kò fojú kan oorun lálẹ́ àná, torí òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò lọ sílé. Kílíníìkì òwúrọ̀ ló bọ́ sí.

Ìyá kan wọlé, ó gbé ọmọ ọdún 3 lọ́wọ́.

"Màmá, kí ló ń ṣe ọmọ?"

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara rẹ̀ ló ń gbóná láti àná. Ó ń wúkọ́, ikun sì ń dà nímú rẹ̀."

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú dókítà yìí. Èkíní ni pé kó tú aṣọ ọmọ náà, kó ka iye ìgbà tó ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wo ọ̀fun àti etí rẹ̀, kó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ibà ni. Tí kò bá sí ibà, á wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá pé ó jọ ọ̀fìnkìn lásán, pé á lọ fúnra rẹ̀, á sì sọ àmì tó bá rí tó fi gbọ́dọ̀ sáré gbé ọmọ padà wá. Ìyẹn lè gbà tó ìṣẹ́jú 15.

Ọ̀nà kejì ni pé kó fa bébà, kó kọ oògùn ibà, oògùn apakòkòrò, oògùn ikọ́ àti fítámì. Ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyá ọmọ á dúpẹ́, ẹlòmíì á sì wọlé.

Ojú inú la fi ya àwòrán yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kan pàtó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti jókòó lórí àga ọsibítù ìjọba rí, ì báà jẹ́ n'Íbàdàn, ní Kánò, ní Accra tàbí ní Cotonou, tí kò ní dá a mọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé tí àárẹ̀ bá mú dókítà, ohun tó máa ṣe fún aláìsàn á dín kù. Àmọ́ ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé nígbà mìíì, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: oògùn ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ sísọ ló ń dín kù. Aláìsàn ló sì ń san owó rẹ̀.

Kí ni àárẹ̀ iṣẹ́ yìí gan-an?

Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ là ń sọ. Ẹni tó ro oko láti àárọ̀ dalẹ́, tó bá jẹun tó sì sùn dáadáa, ara rẹ̀ á tún yá gágá lọ́jọ́ kejì. Èyí tí à ń sọ yìí kì í bá oorun ọjọ́ kan lọ. Burnout ni orúkọ tí òyìnbó ń pè é, bí ìgbà tí iná bá jó igi títí tó fi ku eérú.

Ní ọdún 1974, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa ohun tó rí ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan ní ìlú New York. Àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ìtara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni agbára, sùúrù àti ìfẹ́ iṣẹ́ ń tán nínú wọn díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson gbé ìbéèrè jáde tí wọ́n fi lè díwọ̀n rẹ̀. Títí di òní, òun ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń ṣiṣẹ́ káàkiri àgbáyé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ. Àjọ náà ní kì í ṣe àìsàn, pé ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, nígbà tí wàhálà iṣẹ́ bá pẹ́ lára èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò sì wá nǹkan ṣe sí i. Àmì mẹ́ta ló ní:

Èkíní, agbára á tán pátápátá lára ẹni náà.

Èkejì, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́, á máa wo iṣẹ́ náà àti àwọn tó ń ṣe é fún bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan.

Ẹ̀kẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé iṣẹ́ òun ò wúlò mọ́, pé òun ò ṣe é dáadáa mọ́.

Èkejì yìí ló kan aláìsàn jù. Nígbà tó bá dé bẹ́ẹ̀, dókítà ò rí ìyá tó ń bẹ̀rù nítorí ọmọ rẹ̀ mọ́. Káàdì nọ́ńbà 37 ló ń rí, bí 37 sì ṣe máa lọ tí 38 á fi wọlé ló ń rò.

Kí là ń pè ní ìtọ́jú tó pọ̀ jù?

Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìtọ́jú náà ní àṣejù tiẹ̀. Ìtọ́jú ti pọ̀ jù nígbà tí oògùn, abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò tàbí iṣẹ́ abẹ kò bá lè ṣe aláìsàn ní àǹfààní kankan, tàbí tí ewu rẹ̀ bá ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ fi hàn pé orílẹ̀-èdè olówó nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ náà kàn, ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò tó pẹ̀lú. Wọ́n tún ní ìtọ́jú tó pọ̀ jù àti ìtọ́jú tí kò tó lè wà pa pọ̀ nínú ìlú kan náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, irú rẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni wọ̀nyí: oògùn apakòkòrò fún ọ̀fìnkìn lásán, oògùn ibà fún ẹni tí àyẹ̀wò ti sọ pé kò ní ibà, fífa omi dírípù sí ẹni tó lè jẹun tó sì lè mumi lára, torí pé "ara rẹ̀ ò le", abẹ́rẹ́ níbi tí oògùn oníhóró á ti ṣiṣẹ́, àti títún àyẹ̀wò kan náà ṣe léraléra láìsí ohun tuntun tí èsì rẹ̀ máa sọ.

Kí ni ìwádìí sọ nípa bí àárẹ̀ ṣe ń yí ọwọ́ dókítà padà?

Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí tí Dókítà Jeffrey Linder jẹ́ aṣíwájú wọn gbé àkọsílẹ̀ kílíníìkì 23 yẹ̀ wò ní agbègbè Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó lé ní 21,000 ìgbà tí àwọn tó ní ikọ́, ọ̀fìnkìn àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn wá rí dókítà tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé bí dókítà bá ṣe ń pẹ́ sí i lórí ìjókòó ni kíkọ oògùn apakòkòrò ń pọ̀ sí i. Ní wákàtí kẹrin, ó ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú 4 ṣeé ṣe ju ti wákàtí àkọ́kọ́ lọ pé kó kọ ọ́. Àìsàn náà ò yí padà láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Ẹni tó ń kọ oògùn ló yí padà.

Ní ọdún 2019, ìwádìí míì ní Amẹ́ríkà kan náà wo àwọn tó wá nítorí ìrora, ó sì wo bí àwọn dókítà ṣe ń kọ oògùn ìrora tó lágbára, irú èyí tó lè di bárakú. Àwọn tó wọlé nígbà tí dókítà ti rí nǹkan bí ogún aláìsàn lọ́jọ́ náà rí i gbà ju àwọn tó kọ́kọ́ wọlé lọ pẹ̀lú ìdá 33 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kẹta ló jẹ́ ká rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2019 yẹn kan náà, àwọn olùwádìí wo kílíníìkì 33 ní Pennsylvania àti New Jersey. Wọ́n fẹ́ mọ iye obìnrin tí dókítà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọyàn nínú àwọn tí àsìkò àyẹ̀wò náà ti tó fún. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nǹkan bí 64 nínú 100 ni. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ti já sí nǹkan bí 48. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ó gòkè díẹ̀ kó tó tún já.

Ẹ jẹ́ ká to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, oògùn apakòkòrò àti oògùn ìrora ń pọ̀ sí i, àyẹ̀wò jẹjẹrẹ sì ń dín kù. Kí ló yà wọ́n? Oògùn kíkọ máa ń fòpin sí ọ̀rọ̀, aláìsàn á gba bébà, á sì dìde. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni: ó ń béèrè àlàyé, ìbéèrè àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ohun tó ń tán lára dókítà tí àárẹ̀ mú ni agbára láti jókòó sọ̀rọ̀, kì í ṣe agbára láti kọ̀wé.

Ó yẹ ká fi òótọ́ kan kún un. Aago ni àwọn ìwádìí yìí wò, wọn ò fi ìbéèrè Maslach díwọ̀n àárẹ̀ tó ti wọ egungun dókítà kọ̀ọ̀kan. A ò lè torí wọn sọ pé gbogbo dókítà tó ti sú ló ń kọ oògùn ìkọkúkọ. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé dókítà tó mọṣẹ́ dunjú, tó mọ ohun tó tọ́, lè ṣe ohun tó yàtọ̀ sí i nígbà tí ọjọ́ bá ti gùn. Tí ọjọ́ kan ṣoṣo bá lè ṣe báyìí, ẹ wo ohun tí alẹ́ méjì láìsùn lè ṣe.

"Ibà àti táífọ́ọ̀dù": àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù

Ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìdílé tí wọn ò tíì sọ fún rí pé ibà àti táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe ẹnì kan nínú wọn. A máa ń pe méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n.

Òótọ́ ni pé ibà pọ̀. Nàìjíríà nìkan ló ní nǹkan bí ìdá kan nínú 4 gbogbo ibà tó ń ṣe èèyàn lágbàáyé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Láti ọdún 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà, ọmọdé àti àgbà. Àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe ń sọ èsì láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, kò sì nílò iná mànàmáná.

Síbẹ̀, ìṣẹ́jú 20 gùn lójú dókítà tí ogójì èèyàn ń dúró dè. Nígbà míì pàápàá, èsì á jáde pé kò sí ibà, wọ́n á ṣì kọ oògùn ibà, torí ẹni tó sọ fún aláìsàn pé kì í ṣe ibà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ti táífọ́ọ̀dù tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò fún un ni Widal, èyí tó ti wà láti ọdún 1896, tí wọ́n fi orúkọ Georges-Fernand Widal, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè. Kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò náà ló ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn sì lè kù sínú ẹ̀jẹ̀ láti ara táífọ́ọ̀dù tó ti ṣe èèyàn tẹ́lẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbà, àìsàn míì, títí kan ibà, sì lè jẹ́ kó hàn. Ìdí nìyẹn tí Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò fi tó láti sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Àyẹ̀wò tó dáa jù ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ sínú láàbù kí wọ́n wo ohun tó máa hù níbẹ̀. Ìyẹn ń gba ọjọ́ mélòó kan, ó ń gba owó, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì ti sí.

Ohun tó léwu níbẹ̀ ju owó lọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọmọ tí àìsàn òtútù àyà ń ṣe, tí wọ́n fún ní oògùn ibà tí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé, lè kú kí oògùn náà tó tán. Kíka bí ọmọ ṣe ń mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ló lè tú u fó. Ìṣẹ́jú kan yẹn gan-an ni àárẹ̀ máa ń jí gbé.

Dókítà mélòó ló kù?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà, sọ pé nǹkan bí 55,000 dókítà tó ní ìwé àṣẹ ló wà lórílẹ̀-èdè náà, tí èèyàn ibẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù. Tí a bá pín in, dókítà kan á máa tọ́jú èèyàn tó lé ní 3,600. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní ó lé ní 16,000 dókítà tó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Jápa, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti di ti gbogbo Nàìjíríà, lorúkọ tí wọ́n ń pè é.

Nàìjíríà nìkan kọ́. Ní ọdún 2023, WHO to orúkọ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera ò tó níbẹ̀ rárá, tí àwọn orílẹ̀-èdè míì ò sì gbọdọ̀ máa fi ìpolongo fa òṣìṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn. 37 nínú wọn ló wà ní agbègbè tí WHO ń pè ní ẹkùn Áfíríkà. Nàìjíríà, Ghana, Benin àti Togo wà lára wọn.

Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí dókítà kan bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn tó kù ló ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tó ṣì ń kọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ wọn, NARD, fi ń béèrè pé tí ẹnì kan bá kúrò, kí ìjọba gba ẹlòmíì sípò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ yanṣẹ́lódì ní oṣù Keje ọdún 2023.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, dókítà ọ̀dọ́ kan kú l'Ékòó. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 72 ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé kó tó ṣubú. Ikú náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè lórí iye wákàtí tó yẹ kí èèyàn fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi. Ara kì í ṣe òkúta.

Bí oògùn tó pọ̀ jù ṣe ń padà wá di iṣẹ́ fún dókítà

Ọ̀rọ̀ yìí ò tán síbi àárẹ̀ tó ń mú oògùn pọ̀. Oògùn tó pọ̀ náà ń padà wá dá àárẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1997, Paul Little àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain kọ̀wé nípa àwọn tí ọ̀fun ń dùn. Wọ́n ti pín wọn sí ọ̀nà: àwọn kan gba oògùn apakòkòrò lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù kò gbà á lójú ẹsẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, 38 nínú 100 àwọn tó gba oògùn lójú ẹsẹ̀ ló tún padà wá bá dókítà nítorí ọ̀fun dídùn. Nínú àwọn yòókù, 27 nínú 100 ni. Àwọn tó gba oògùn ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn: pé ọ̀fun dídùn kì í lọ láìsí oògùn.

Ẹ wá gbé èyí wá sílé. Ìyá tó gba oògùn mẹ́rin nítorí ọ̀fìnkìn ọmọ rẹ̀ lónìí á tún wá lóṣù tó ń bọ̀, á sì sọ fún àbúrò rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n wá. Àga gígùn iwájú yàrá dókítà á gùn sí i. Ìṣẹ́jú tó wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan á kéré sí i. Dókítà á tún kọ oògùn sí i.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú The Lancet lọ́dún 2022 fi hàn pé 1.27 mílíọ̀nù èèyàn ló kú lágbàáyé lọ́dún 2019 nítorí kòkòrò tó ti borí oògùn apakòkòrò. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni iye tó kú ti ga jù tí a bá fi wé iye èèyàn tó wà níbẹ̀: nǹkan bí 27 nínú 100,000. Àìsàn tí oògùn ọjọ́ márùn-ún ń wò tẹ́lẹ̀ wá ń gba ọ̀sẹ̀ méjì ní wọ́ọ̀dù. Dókítà tí àárẹ̀ ti mú yìí kan náà ló tún máa tọ́jú rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 nínú gbogbo 100 náírà tí wọ́n ń ná sórí ìlera tó ń jáde látinú àpò aláìsàn fúnra rẹ̀. Oògùn mẹ́rin dípò oògùn kan lè jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé míì.

Ṣé dókítà nìkan ló jẹ̀bi?

Rárá o. Àwa aláìsàn náà lọ́wọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé dókítà tí kò fún wa ní abẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tó jẹ́ pé oògùn àti àyẹ̀wò ni wọ́n fi ń rí owó oṣù san. Dókítà míì ń bẹ̀rù pé tí òun ò bá kọ oògùn tí nǹkan sì yíwọ́, orí òun ni wọ́n máa bù ú sí. Ibòmíì, láàbù ò ṣiṣẹ́ torí pé kò sí iná tàbí ohun èlò, àfojúbù ló kù.

Ó tún yẹ ká rántí pé àwọn tí ìtọ́jú ò tó lọ́wọ́ wọn ṣì pọ̀ láàárín wa. WHO ti sọ tipẹ́ pé ó yẹ kí nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 ìbímọ gba iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ti ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 3 nínú 100 péré ló gbà á níbẹ̀. Dókítà tí ọ̀fìnkìn gba gbogbo àárọ̀ rẹ̀ lè má ní agbára tó kù fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká rò pé oògùn tí kò pọn dandan kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Kí ni àwọn ibòmíì ti ṣe?

Àkọ́kọ́ ni wákàtí iṣẹ́. Òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀ tí a bá pín in dọ́gba, òfin náà sì kan àwọn dókítà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2003 ni wọ́n ti fi wákàtí 80 lọ́sẹ̀ ṣe òpin fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù. Wákàtí 80 ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òpin.

Ìkejì kò wọ́nwó rárá. Ní ìlú Los Angeles, àwọn olùwádìí ní kí àwọn dókítà lẹ bébà ńlá kan mọ́ ara ògiri yàrá wọn. Fọ́tò dókítà náà wà lórí rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni ní oògùn apakòkòrò tí kò bá nílò rẹ̀. Ní ọdún 2014 tí èsì jáde, kíkọ oògùn tí kò yẹ lọ́dọ̀ wọn ti dín kù ju ti àwọn tí kò lẹ bébà lọ pẹ̀lú nǹkan bí 20 nínú 100. Bébà ara ògiri ti bá dókítà sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà kí aláìsàn tó jókòó.

Ìkẹta ni pé kí àyẹ̀wò ibà ṣáájú dókítà. Tí nọ́ọ̀sì bá ti gún ọmọ níka nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí àga gígùn, èsì á ti jáde kí wọ́n tó wọlé. Ìṣẹ́jú 20 tí ẹ̀rù ń bani yẹn ò ní sí lórí dókítà mọ́.

Kí ni ẹ̀yin lè ṣe?

Láti ọdún 2012 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Choosing Wisely ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó sì ti tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè míì. Wọ́n ní kí aláìsàn máa bi dókítà ní ìbéèrè márùn-ún. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ bi í báyìí:

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni oògùn tàbí àyẹ̀wò yìí?"

"Kí ni ewu rẹ̀?"

"Ṣé ọ̀nà míì tó rọrùn ju èyí lọ wà?"

"Tí mi ò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́?"

"Èló ló máa ná mi?"

Kì í ṣe àfojúdi. Dókítà tó ń bẹ̀rù pé inú yín á bàjẹ́ tí òun ò bá kọ oògùn á mọ̀ pé àlàyé lẹ fẹ́ gbọ́. Tí wọ́n bá ní ibà ni, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá ní ẹ lọ sílé, ẹ béèrè àmì tó yẹ kó gbé yín padà wá. Fún ọmọdé, tó bá ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tí kò lè mu ọyàn tàbí omi, tí gìrì mú un, tàbí tí ó sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó súnmọ́ yín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sì dá oògùn tí dókítà ti kọ dúró fúnra yín nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Ẹ padà lọ bi í.

Ká padà sínú yàrá yẹn, aago méjì ọ̀sán. Ká sọ pé dókítà náà sùn lálẹ́ àná nínú ilé rẹ̀, torí ẹlòmíì wà tó gba iṣẹ́ alẹ́. Nọ́ọ̀sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Kò sí ibà. Dókítà ka èémí ọmọ náà fún ìṣẹ́jú kan, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó wo etí rẹ̀.

"Màmá, ọ̀fìnkìn ni. Oògùn ara gbígbóná nìkan ló nílò. Ẹ máa fún un lómi dáadáa. Tó bá ń mí gúlegúle, tàbí tí kò fẹ́ mumi, ẹ má dúró, ẹ gbé e wá bá mi."

"Dókítà, ṣé kò sí abẹ́rẹ́?"

"Kò nílò rẹ̀, Màmá. Ẹ jókòó díẹ̀, kí n ṣàlàyé fún yín."